Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Ìyá Mi

Bí obìnrin bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ní àárọ̀ Sátidé ládùúgbò wa ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tí yóò kọjá láìsọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní, "Àǹtí Tíṣà, ṣé kò sí mẹkáníìkì mọ́ ni?" Àwọn mìíràn á fẹ́ mọ̀ bóyá Bàbá ilé wa ti rìnrìn àjò. Àwọn ọmọdé kì í béèrè ohunkóhun ní tiwọn. Wọn á kàn lóṣòó, wọn á máa wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó yọ síta. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá gbogbo wọn lóhùn, nítorí pé àlàyé ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn lè ṣe lórí ìdúró lọ. Àròkọ yìí ni àlàyé náà.

Tíṣà ni mí lóòótọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi, àwọn ọmọ mi méjì àti ìyá mi la jọ ń gbé. Ọkọ̀ tí a ní ni Toyota Corolla ọdún 2005. Tòkunbọ̀ la rà á, àwọ̀ eérú ni. Ní ìparí ọdún 2023, dókítà sọ fún wa pé kíndìnrín Màmá méjèèjì kò lè ṣiṣẹ́ wọn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a fínra láti ọdún pípẹ́ ló bà wọ́n jẹ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni mò ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ló ń lò nídìí ẹ̀rọ náà. Aago méje àárọ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Èmi á sáré lọ sí iléèwé, àbúrò mi á sì jókòó tì í títí n ó fi padà wá gbé e. Ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí pé àwọn tó nílò ẹ̀rọ náà pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ẹni tí kò bá sì rí i ṣe, kó tó di ọjọ́ mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, èémí á sì máa há a láyà.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí ẹ ń wò yẹn kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́. Ara oògùn Màmá ni.

Owó kan ṣoṣo ló sì wà nílé wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan fò láti iye tó wà lábẹ́ 200 náírà sí nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo nǹkan ló tẹ̀lé e gòkè: gaàrí, owó ọkọ̀, oògùn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, owó iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì. Owó oṣù tíṣà kò fò bẹ́ẹ̀. Náírà kọ̀ọ̀kan tí mo bá kà sọ́wọ́ ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe, inú owó ìfọ̀jẹ̀ Màmá ló ti ń jáde. Bí mo bá sì ní kí n má tún ọkọ̀ ṣe, ìfọ̀jẹ̀ náà kò ní ṣeé ṣe. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn náà fún Màmá lọ́nà tó yé e. Ó ní, "Mọ̀mí, kíndìnrín ni asẹ́ inú ara. Tiyín ti dí, kò lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ yìí ló ń bá yín sẹ́ ẹ." Màmá mi orí. Nígbà tí a ń darí bọ̀ wálé, ó dákẹ́ títí a fi kọjá Mókọ́lá, lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè pé, "Ọkọ̀ tí o ń wà yìí ńkọ́? Ṣé òun náà ní asẹ́?" Mo ní n kò mọ̀. Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn, ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejì ọdún 2024, ọkọ̀ náà kọ̀, kò tan. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún "ták," ó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó sáfíìsì lọ́wọ́ wa. Kí a tó rí ọkọ̀ mìíràn háyà, kí a tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àyè Màmá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń sùn nítorí pé kò lè mí bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí ará ilé wa júwe fún wa ló wá wo ọkọ̀ náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tọ́ka sí orí bátìrì. Ìdọ̀tí kan tó funfun, tó tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ti hù yí ibi tí wáyà ti gbá orí bátìrì mú. Ó tú wáyà náà, ó da omi gbígbóná sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó fi gírísì díẹ̀ pa á, ó dè é padà. Ọkọ̀ tan ní ẹ̀rìnkan. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tó jọ mí lójú ni pé kò sí agbára kankan nínú ohun tó ṣe. Omi gbígbóná wà nílé wa. Búrọ́ọ̀ṣì wà. Ohun tí kò sí ni ìmọ̀ pé ibẹ̀ ni kí èèyàn wò. Mo bẹ ọ̀gá náà pé kó jẹ́ kí n máa wá dúró tì í ní àkókò ìsinmi iléèwé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ ó fi aṣọ ṣòfò o." Mo ní mo ní aṣọ tó ti gbó.

Ọ̀gá yìí ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà tí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná ti gbòde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró tì í. Kò kọ́ mi ní gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni ìtọ́jú tí ọkọ̀ nílò kó má baà ṣàìsàn, kì í ṣe ìwòsàn lẹ́yìn tó ti ṣàìsàn tán. Òfin mẹ́rin ló fi lé mi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́: jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún kí èèyàn wọ abẹ́ rẹ̀, sítáǹdì irin ni kó gbé ọkọ̀ dúró, kí igi sì dí táyà tó wà nílẹ̀. Èkejì: má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, nítorí omi inú rẹ̀ á tú jáde, á sì bó èèyàn lójú. Ẹ̀kẹta: bí o bá fẹ́ tú wáyà bátìrì, èyí tó ní àmì ìyọkúrò ni kó kọ́kọ́ kúrò, òun náà ni kó kẹ́yìn padà sí i. Ẹ̀kẹrin: nọ́ọ̀tì yòówù tí o bá fẹ́ dè, fi ọmọ ìka bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń lọ wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ló bá. Bí ó bá ń le, tú u, kí o tún un gbé sí i. Nígbà tí ó ń sọ èyí tó kẹ́yìn, ó rán mi létí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn láti ọdún méjìlá. N kò mọ̀ pé nínú iṣẹ́ irin ni mo ti máa rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo ra irinṣẹ́ mi díẹ̀díẹ̀ ní ọjà Aráròmí ní Gate: ṣọ́kẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi, sípánà, sítáǹdì irin méjì, ike fífẹ̀ kan fún gbígbe ọ́ìlì, ìbọ̀wọ́ àti tọ́ọ̀ṣì. Ìwé kékeré kan tó bá ọkọ̀ wá wà nínú píjìn-hóòlù láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i rí. Inú rẹ̀ ni mo ti kà pé ẹ́ńjìnnì wa ń gba ọ́ìlì lítà 3.7 bí a bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù kan, lítà mẹ́rin ni. Ìyẹn ni pé díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù ní gbogbo ìgbà. Ní gbogbo ọdún tí a ti ń san owó sáfíìsì, kò sí ẹni tó fi èyí tó ṣẹ́kù lé wa lọ́wọ́ rí.

Báyìí ni mo ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Orí kọnkéré tó tẹ́jú níwájú ilé ni mo ń gbé ọkọ̀ sí. Mo á tan ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́rọ́, kó sì máa ṣàn dáadáa. Bí ó bá gbóná jù, á jó èèyàn lọ́wọ́. Mo á pa á, mo á fi igi dí táyà ẹ̀yìn, mo á gbé iwájú sókè, mo á ki sítáǹdì bọ abẹ́ rẹ̀, mo á sì fi ọwọ́ mi méjèèjì ti ọkọ̀ náà kí n tó wọlé sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá máa wó, kó wó kí n tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo á fi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì 14 tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dá a ṣe, nọ́ọ̀tì yẹn kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó dè é kẹ́yìn ti fi gbogbo ara dè é. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá, n kò fi òòlù lù ú. Mo rí i dájú pé ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá orí nọ́ọ̀tì mu ṣinṣin, mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri, mo sì fà á ní ìfà kan tó gùn, tí kò já. Ó dún "kẹ́," ó tú. Ọ́ìlì tó jáde dúdú bí ọṣẹ dúdú. Nígbà tí mo tú fílítà, mo rí i pé eruku ti dì mọ́ ọn lára, kíkùn ara rẹ̀ ti ń ṣí. Fílítà yẹn ti wà níbẹ̀ ju sáfíìsì kan lọ, ó sì ṣeé ṣe kó ju mẹ́ta lọ. Àwa sì ti san owó fílítà ní gbogbo ìgbà.

Màmá jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo gbé fílítà náà hàn án. Mo ní, "Màmá, asẹ́ ọkọ̀ tí ẹ bi mí léèrè rèé." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó ti dí bíi tèmi." Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí tuntun jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ yìí rí ojúrere Ọlọ́run ju òun lọ.

Ti fílítà tuntun kò le. Mo á fi ìka pa ọ́ìlì tuntun sí ọ̀rá etí rẹ̀, mo á fi ọwọ́ lásán dè é títí tí ọ̀rá náà á fi kan irin, mo á wá fi bí ìlàta mẹ́rin ọ̀nà mẹ́rin dín kan kún un. N kì í fi irin dè é. Mo á fi òrùka tuntun sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, mo á dè é padà, mo á sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo á da ọ́ìlì tuntun sí i, mo á tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan, mo á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Mo á tún pa á, mo á dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo á fa gẹ́ẹ̀jì yọ. Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ tán, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́ḿù, kì í lọ sínú gọ́tà. Káfíńtà kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ń gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fi kun pákó òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ gẹ́ẹ̀jì yìí ló jẹ́ kí n mọ ohun tí n kò mọ̀ nípa ìyá mi. Mo mọ̀ pé ó ṣòwò obì láàárín Ṣágámù àti Kánò nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bi í léèrè rí bí ìrìn àjò náà ṣe rí. Orí ọkọ̀ Bedford tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀ ni wọ́n ń gùn, òun àti àpò obì. Ó ní awakọ̀ wọn kì í tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ láìfa gẹ́ẹ̀jì yọ. Á fà á, á nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ, á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. "Bí kò bá tíì ṣe é," Màmá ní, "àwa oníṣòwò kò ní gòkè. Bí ọkọ̀ bá kú sí ìkọjá Jẹ́bà, obì á rà, owó á ṣòfò." Bí ó ti ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún gún ṣe bí awakọ̀ náà ti ń ṣe. Láti ìgbà náà, òun ló ń fa gẹ́ẹ̀jì ní àárọ̀ Sátidé. Mo á dì í mú ní ìgbáròkó, á nù ún pẹ̀lú àkísà, á wò ó, á ní, "Ó kún."

Àìsàn kíndìnrín máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lè gbé omi mọ́, kò lè dáná pẹ́, kò lè lọ sọ́jà. Wọ́n tilẹ̀ ń wọn omi tó ń mu. Gẹ́ẹ̀jì fífà jẹ́ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ́ìlì ni mo kan púlọ́ọ̀gì. Mẹ́rin ni wọ́n. Orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n wà, kọ́ìlì sì jókòó lé ìkọ̀ọ̀kan wọn lórí. Nọ́ọ̀tì 10 ló de kọ́ìlì, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì 16 ló ń tú púlọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, ọmọ ìka ló sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ dídè rẹ̀. Ẹnu púlọ́ọ̀gì ń sọ̀rọ̀: bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣí díẹ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì dára, bí ó bá dúdú, tó tún tutù rinrin, ọ́ìlì tàbí epo ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwa ti jẹ tán lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n gba owó púlọ́ọ̀gì tuntun lọ́wọ́ wa.

N kò sọ èyí láti ba àwọn mẹkáníìkì lórúkọ jẹ́. Mẹkáníìkì ló kọ́ mi. Mo tún rí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn bí iṣẹ́ náà ti nira tó: àwọn ọmọṣẹ́ tó ń sùn nínú ọkọ̀ oníbàárà, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wọn lọ lóru láìsanwó, àwọn tó ń ra ayédèrú wá látọjà tí wọ́n á tún di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tó dè é. Ṣùgbọ́n mo kíyèsí pé ọ̀gá mi kì í bínú bí mo bá bi í ní ìbéèrè. Ó ní oníbàárà tó mọ nǹkan kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó di ìjà. Ẹni tí kò fẹ́ kí o wo ohun tó ń ṣe, ó ní ìdí rẹ̀.

Àwọn tó ń pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ ọkùnrin, ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún wọn. Jámánì ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Carl Benz, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn ìrìn àjò gígùn ni ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló gbéra láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ó lé ní 100 kìlómítà. Nígbà tí páìpù epo dí, abẹ́rẹ́ tó fi ń mú fìlà rẹ̀ dúró ló fi tú u. Nígbà tí wáyà iná ṣí, ọ̀já ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló fi dè é. Bíréèkì onígi jẹ, ó ní kí oníṣọ̀nà bàtà kan fi awọ bò ó. Ilé apoògùn ló ti ra epo lọ́nà. Gbogbo èyí ni àwọn èèyàn máa ń fetí sí. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni ibi tó ń lọ: ilé ìyá rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ náà wúlò jù fún mi ni Ọjọ́rú kan nígbà ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Iná kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣìbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà sì ń gbọ̀n bí mo bá dúró. Mo yà sí ilé iṣẹ́ kan nítòsí iléèwé wa. Wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní bíréènì bọ́ọ̀kìsì ti jó, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Iye tí wọ́n dárúkọ tó owó ìfọ̀jẹ̀ Màmá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé ọkọ̀ wálé.

Mo ní sikánà kékeré kan tí mo rà. Èèyàn á kì í bọ ihò kan lábẹ́ dáṣìbọ́ọ̀dù, á sì sọ ohun tí ọkọ̀ ń ráhùn lé lórí. Ohun tó gbé jáde ni P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fẹ́ bí ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7 sí ìwọ̀n epo kan. Ẹ̀rọ kan lẹ́yìn fílítà atẹ́gùn ló ń wọn èyí tó ń wọlé. Bí atẹ́gùn bá wá rí ọ̀nà mìíràn wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn tirẹ̀ tán, ìṣirò á dàrú. Mo pe ọ̀gá lórí fóònù. Ó ní, "Bíréènì tó bá jó kì í ráhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ̀ ọ́."

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń wò, n kò rí nǹkan kan. Màmá jáde sí wa pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró, ó tẹ́tí. Ó ní, "Ó ń súfèé." Èmi kò gbọ́ ohunkóhun ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ. Ó fi ọ̀pá tọ́ka. "Níhà ibẹ̀ yẹn. Bedford wa ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi ọwọ́ tẹ páìpù ọ̀rá tó ní ìṣẹ́po, èyí tó gba inú àpótí fílítà lọ sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, abẹ́ rẹ̀ lanu. Ọ̀rá náà ti gbó, ó ti sán ní ibi tí ojú kò lè tó. Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní kí n nù ún gbẹ, kí n fi téèpù tó nípọn dì í dáadáa fún ìrìn àárọ̀, kí n sì ra òmíràn kíákíá. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a dé ilé ìwòsàn. Ní Sátidé, mo ra páìpù náà ní Gate, mo fi í sí i, mo fi sikánà pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Iná náà kò tàn mọ́. Bíréènì bọ́ọ̀kìsì tí wọ́n ní ó ti jó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ó ń ṣiṣẹ́.

Ibì kan wà tí ọwọ́ mi ti ń dúró. Ti bíréèkì, ti ìdarí ọkọ̀, ti gíà, ọ̀gá ni mò ń gbé e lọ bá. Mo máa ń yọjú wo páàdì bíréèkì láàárín ihò rímù; bí nínípọn rẹ̀ bá kù bíi mílímítà mẹ́ta, mo á gbéra lọ bá a. Mo lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni ìyá mi ń jókòó sí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ. Láti mọ ohun tí n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wà lára ohun tí mo kọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé inú píjìn-hóòlù báyìí. Mo kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì sí i, iye kìlómítà, ọjọ́ tí mo gbọn eruku fílítà atẹ́gùn nígbà ọyẹ́, ọjọ́ tí mo fọ orí bátìrì. 5,000 kìlómítà ni mò ń kà láàárín ọ́ìlì kan àti èkejì, nítorí eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú wa. Ní ìdà kejì ìwé náà ni mo ń kọ ti Màmá sí: ìwọ̀n rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀, iye omi tó mu. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, kò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọjọ́ Ẹtì kan tó pàdánù àyè rẹ̀ nítorí ọkọ̀.

N kò tan ara mi jẹ. Mo ti rìn gbogbo ọjà Gate já, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú asẹ́ tí Màmá nílò. Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn dókítà wà lọ́wọ́ wọn, èyí tó sì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Èyí tó kù sọ́wọ́ mi ni kí ọkọ̀ tan ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tó ti wúwo.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ kò nílò láti dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní àárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa gẹ́ẹ̀jì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Àmì méjì wà lẹ́nu rẹ̀. Àárín wọn ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé, ẹ pè é kó bá yín wò ó.